Ìwé Méjìlélógójì Tí Ọ̀gá Albert Kà

Ọ̀gá Albert Odùgbẹ̀san kì í wọ ilé-ìkàwé bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń wọ̀ ọ́. Á kọ́kọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ti gíláàsì rẹ̀ sókè imú, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á wá dúró kí gbogbo ẹni tó ń kàwé gbójú sókè wò ó. Bí wọn kò bá tètè gbójú sókè, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí àìsàn kankan láyà rẹ̀. Ikọ́ ipò ni.

Ilé-ìkàwé ìjọba kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Mi ò ní sọ àdúgbò, torí ẹ̀yin náà mọ bí ẹnu ṣe ń rìn láàárín wa. Ọmọ Ìbẹfun ni, ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, kò sì sí àwùjọ tó bọ́ sí tí kì í ki ara rẹ̀ kí ẹlòmíì tó ráyè. "Òkun Ìmọ̀," á ní. "Akàwé-sùn, Akàwé-jí. Bí ẹ bá wá ìmọ̀ káàkiri tí ẹ ò rí i, ẹ wá bi mí." Òun fúnra rẹ̀ ló fi oríkì náà jíǹkí ara rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń retí kí ẹlòmíì ki òun, ilẹ̀ á ṣú u sọ́nà.

Ìwé ńlá kan wà tó máa ń há sí abíyá láàárọ̀, tó sì ń gbé padà lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́. Rídwàn, tó ń jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yá ìwé, ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé ìwé kan náà ni láti ọdún mẹ́fà. Ó tún kíyè sí i pé bébà tí ọ̀gá fi há ojú ewé kẹsàn-án kò tíì kúrò ní ojú ewé kẹsàn-án. Rídwàn kò sọ̀rọ̀. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tí mò ń wí yìí, lẹ́tà dé láti orílé-iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ní kò bójú mu kí ẹni tó ń tọ́jú ìwé má máa kàwé. Nítorí náà, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, àti ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, gbọ́dọ̀ máa ka àwọn ìwé tó dá lórí iṣẹ́ wọn: bí a ṣe ń to ìwé, bí a ṣe ń dáàbò bò ó, bí a ṣe ń gba ẹni tó wá kàwé lálejò. Ohun tí kálukú bá kà, kó kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà. Lópin ọdún, wọn yóò mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn lọ sí Ìbàdàn fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹni náà bá ti dé, ìgbéga ti dé.

Ojú ewé méjì ni lẹ́tà náà. Ohun tí mo sọ yìí ló wà ní ojú ewé kìn-ín-ní. Ojú ewé kejì sọ pé kì í ṣe iye ìwé ni wọn yóò wò. Wọ́n ní ẹni tí yóò dájọ́ ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá, kálukú yóò sì mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó kà lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, yóò ṣí i, yóò ka díẹ̀ níbẹ̀, yóò wá sọ ohun tí ó fi í ṣe.

Ọ̀gá Albert ka ojú ewé kìn-ín-ní. Èrò tirẹ̀ ni pé ọ̀gá tó bá ń ka lẹ́tà dé ojú ewé kejì, ọmọ abẹ́ ni kò ní.

Ìgbéga tó kàn án, Abẹ́òkúta ló wà, nínú yàrá kan tí àga rẹ̀ ń yí. Ọ̀gá Albert ti jókòó lórí àga náà rí, nígbà tí ẹni tó ni ín jáde lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì yí i lẹ́ẹ̀mẹta kí onítọ̀hún tó padà dé. Láti ọjọ́ náà ni àga onígi tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ti ń dun ún nídìí.

Ẹnì kejì tí lẹ́tà náà gún lọ́kàn ni Sàúdátù, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Haneef. Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà lójú kan náà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Lẹ́tà náà sì sọ ọ́ kedere, lójú ewé kejì, pé ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún, tó sì wà nípò tí kì í ṣe ti ọ̀gá, kò tún lè lọ. Ní tirẹ̀, ọdún yìí ni tàbí kò sí mọ́. Ó ka lẹ́tà náà tán, ó tún ojú ewé kejì kà, ó wá lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá láti sọ fún un pé òun fẹ́ gbìyànjú.

"Ẹ gbìyànjú, Ìyá Haneef," ni Ọ̀gá Albert wí. "Ìgbìyànjú dára fún ara. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ lọ ṣe n'Ìbàdàn? Ta ni yóò máa nu eruku?"

"Rídwàn á nù ún, sà."

"Rídwàn kò mọ eruku nù bíi tiyín. Ẹ̀bùn ni. Ẹ má fi ẹ̀bùn Ọlọ́run ṣòfò."

Ìyá Haneef dúpẹ́, ó sì lọ mú ìwé àkọ́kọ́.

Lórí pẹpẹ kan tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni àwọn ìwé iṣẹ́ náà wà. Ọ̀gá Albert ló ní kí wọ́n gbé pẹpẹ náà síbẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá lójú títì lè máa wo ìwé, kó máa rò ó pé irú ọ̀gá wo ló wà níbí. Ìwé tí Ìyá Haneef kọ́kọ́ mú níbẹ̀ ń jẹ́ *Ìwé àti Àwọn Ọ̀tá Rẹ̀ Mẹ́rin*. Omi ni ọ̀tá kìn-ín-ní, ikán ni ìkejì, iná ni ìkẹta, ènìyàn ni ìkẹrin. Òṣìṣẹ́ kì í gbé ìwé wọ̀nyí lọ sílé, nítorí náà, ọ̀sán tí òun àti ìwé bá fi ráyè ara wọn ló ń kà á. Bó ṣe parí orí kìn-ín-ní, ó tọ ọ̀gá lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ìwé yìí ní kí a má ṣe to ìwé sẹ́bàá fèrèsé. Ó ní omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ṣé ká sún pẹpẹ yẹn wọlé díẹ̀?"

"Ìyá Haneef, ọ̀tá tèmi ni ẹni tí kò fẹ́ kí ará ìlú rí i pé a ní ìwé."

Pẹpẹ kò sún. Ní oṣù keje, òjò Ìjẹ̀bú dé, kò sì bèèrè ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ìwé mẹ́rin rin gbingbin. *Ìwé àti Àwọn Ọ̀tá Rẹ̀ Mẹ́rin* wà nínú wọn. Ìyá Haneef sunkún sí i níkọ̀kọ̀, torí ó ti kà á dé ojú ewé méjìléláàádọ́fà. Ó nù wọ́n, ó fi aṣọ gbígbẹ wé wọn, ó sì gbé wọn lọ sí Ayépé fún Timothy, ẹni tó ń bá wọn di ìwé tó ti já. Timothy mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í kánjú. Ó ní ìwé tó mu omi gbọ́dọ̀ sinmi kó tó gba abẹ́rẹ́.

Ìṣòro Ọ̀gá Albert yàtọ̀. Àlejò kan ń bọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, àlàfo mẹ́rin sì wà lórí pẹpẹ bí eyín tó yọ lẹ́nu àgbàlagbà. Ó ronú títí, ọgbọ́n dé. Ó ránṣẹ́ pe káfíńtà, ó ní kó gé pákó mẹ́rin tó ga tó ìwé, tó nípọn tó ìwé, kí wọ́n fi aṣọ pupa wé wọn, kí Ìyá Haneef sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn pákó rẹ̀ ní lẹ́tà funfun gàdàgbà.

"Ṣùgbọ́n, sà," ni Ìyá Haneef wí, "bí ẹnì kan bá wá fẹ́ kà á ńkọ́?"

Ọ̀gá Albert rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó dìde, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. "Ẹ kọ ọ́ sí àyà pákó kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ pé: Èyí kì í ṣe ìwé. Ìwé gan-an wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń dì í. Olóye yóò mọ ìyàtọ̀. Ní àṣẹ Ọ̀gá A. K. Odùgbẹ̀san, Òkun Ìmọ̀." Ó sinmi díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí 'Òkun Ìmọ̀' tóbi ju ìyókù lọ."

Báyìí ni pákó mẹ́rin ṣe wọ àárín àwọn ìwé. Àlejò wá, ó rí pẹpẹ tó kún, ó ní ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀gá Albert gbàgbé pákó lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí iṣẹ́ tí pákó wà fún ti parí.

Ẹ bá mi ká lọ sí ìparí oṣù kẹwàá. Rẹ́jísítà Ọ̀gá Albert ṣì funfun bí aṣọ àlà. Ẹnì kan pè é láti Abẹ́òkúta, ó ní ẹni tí yóò dájọ́ ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ọ̀gá ní, "Mo ti múra tán," ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ yàrá tí pẹpẹ náà wà, ó sì tilẹ̀kùn.

Ó fa àga kan, ó jókòó síwájú pẹpẹ, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i. Kò dìde mọ́. Ibi tó jókòó sí ló ti ń ka orúkọ tó wà lẹ́yìn àwọn ìwé, tó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbó, orúkọ ẹ̀yìn wọn ti ṣá, gíláàsì ọ̀gá náà kì í sì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n mẹ́rin kan wà níbẹ̀, pupa rẹ̀rẹ̀, lẹ́tà funfun gàdàgbà. Inú rẹ̀ dùn sí wọn. Ó ní ẹni tó ṣe irú ìwé báyìí fẹ́ràn òǹkàwé. Àwọn mẹ́rin náà ló sì kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Ní wákàtí méjì, Ọ̀gá Albert ka ìwé méjìlélógójì.

Ó kù kó kọ ohun tó rí kọ́. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ ó kọ "Ó dára." Fún àwọn kan ó kọ "Ó dára púpọ̀." Ìwé tó kọ síwájú gbogbo wọn, ọ̀kan nínú àwọn pupa yẹn, ló ṣí inú rẹ̀ sí. Ó kọ ọ́ báyìí: "*Ìwé àti Àwọn Ọ̀tá Rẹ̀ Mẹ́rin*. Mo kà á ní oṣù kìn-ín-ní. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo tún un kà ní oṣù kẹjọ. Orí karùn-ún rẹ̀ pa mí lẹ́kún."

Lọ́jọ́ kejì, ó pe ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ó na rẹ́jísítà tirẹ̀ sókè, ó wá ṣí ti Ìyá Haneef.

"Mẹ́fà," ni ó wí. "Ìyá Haneef ka ìwé mẹ́fà láti oṣù kìn-ín-ní. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n kọ síbí. *Ìwé àti Àwọn Ọ̀tá Rẹ̀ Mẹ́rin*. 'N kò tíì parí rẹ̀.' Háà! Ìwé tí èmi kà lẹ́ẹ̀mejì!"

Ìlà kan wà lábẹ́ èyí tó kà yẹn. Ìyá Haneef ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo dé ojú ewé méjìléláàádọ́fà kí ó tó lọ sí Ayépé." Ọ̀gá Albert kò dé ìlà kejì.

"Sà," ni Ìyá Haneef wí, "ìwé yẹn kò sí—"

"Ẹ má ṣàwáwí. Ẹni tí kò lè parí ìwé kan, kí ló fẹ́ lọ wá n'Ìbàdàn?"

"Mi ò ṣàwáwí, sà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìwé yẹn—"

Ọ̀gá Albert wúkọ́. Ìpàdé parí.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, Rídwàn sún mọ́ ọn. Omi ti lé sí i lójú níbi tó ti ń fi aṣọ ìnujú dí ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. "Ìyá Haneef, ẹ ò wí fún un?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wí, ìwọ náà gbọ́. Ẹni tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ tó ń wúkọ́, ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà gbọ́?"

"Ẹ̀yin náà ẹ fi kún tiyín. Ẹ kọ ogún. Ta ló máa mọ̀?"

Ìyá Haneef wo rẹ́jísítà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wù ú. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́. Ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ mọ́kànlá. "Mẹ́fà ni mo kà," ni ó wí níkẹyìn. "Bí n bá kọ èyí tó ṣìkeje, n kò ní mọ ohun tí n ó sọ nípa rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ náà pé, Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kọkànlá. Wọ́n to àga sí yàrá ńlá. Ọ̀gá Albert ti ránṣẹ́ sílé, ènìyàn méjìlá sì wá láti Ìbẹfun pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n ti fi gíláàsì bò. Nínú fọ́tò náà, ó fi ìka kan ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ẹni tí ìmọ̀ ń dà láàmú. Wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Òǹkàwé Tó Borí Gbogbo Òǹkàwé." Ọ̀gá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìṣó sí ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí fọ́tò náà yóò wà.

Àwọn àgbàlagbà tó máa ń wá ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ náà jókòó. Àlàájì Wàhábì, tó ti ta aṣọ tán láyé rẹ̀ kó tó fi ọjà sílẹ̀ fún ọmọ, ló wà níwájú. Ó ní òun kò lè pàdánù ìran ọ̀fẹ́.

Ẹni tí yóò dájọ́ wọlé láìwúkọ́. Mọ́ṣádé ni orúkọ rẹ̀, ìyá àgbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Ìmùṣin, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé gbohùngbohùn fún un, ó ní kí wọ́n gbé e lọ, pé ilé-ìkàwé la wà. Ó ka rẹ́jísítà gbogbo wọn, ó ń tú ewé wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ka ìlà kọ̀ọ̀kan dé òpin. Ọ̀gá Albert rò pé ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ kò dára.

Ìyá Haneef ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ìwé tó mú lọ́wọ́ sọ nípa àwọn òǹkàwé tí nǹkan ń ni lára tí wọn kì í sọ. Ó ṣí i, ó ka ìlà mẹ́rin níbẹ̀. "Nígbà tí mo ka ibí yìí, mà, mo dúró wo àwọn bàbá wa. Mo rí i pé ńṣe ni wọ́n ń na ìwé ìròyìn sí apá ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó lè kà á. Wọn ò bèèrè iná lọ́wọ́ wa. Mo kàn gbé tábìlì wọn lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà ni."

Àlàájì Wàhábì dìde gbọ̀n-ọ́n. "Ẹ̀yin lẹ gbé e? Lóṣù kẹta? Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ìgbà yẹn! Mo rò pé ojú mi ló sàn ni!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Mọ́ṣádé kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì ní kí Ìyá Haneef jókòó.

Ó kan Ọ̀gá Albert. Ó dìde, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí bí ọjọ́ náà ṣe tóbi tó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ìyá wa, mi ò ní fi tábìlì gbígbé dá yín lágara. Àwọn kan ń gbé tábìlì. Àwa kan ń gbé ìmọ̀. Ìwé méjìlélógójì! Mo kà, mo kà, títí ìwé fi bẹ̀ mí pé kí n sinmi." Àwọn ará Ìbẹfun pàtẹ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Ìyá Mọ́ṣádé wí. "Ìwé wo lẹ mú lọ́wọ́?"

Ọ̀gá Albert wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ojú ewé kejì lẹ́tà ló ń bi í léèrè yẹn, kò sì mọ̀. "Ìwé wo ni kí n mú, mà? Bí n bá mú ọ̀kan, àwọn yòókù á jowú."

"Èyí tó dùn jù ńkọ́? Mo rí i níbí. Ẹ ní ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní orí karùn-ún rẹ̀ pa yín lẹ́kún."

"Ó pa mí lẹ́kún, mà."

"Orúkọ rẹ̀ ni *Ìwé àti Àwọn Ọ̀tá Rẹ̀ Mẹ́rin*. Ta ni wọ́n wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní orí karùn-ún?"

Òógùn kan bẹ̀rẹ̀ ìrìn láti iwájú orí ọ̀gá, ó gba ẹ̀bá etí wá. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré rẹ̀. "Ọ̀tá karùn-ún, mà," ni ó wí, ó sì na ìka sókè, "ni ẹni tó ní ìwé tí kò kà á!"

Ìbẹfun dìde lápapọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ gbé fọ́tò náà sókè. Ìyá Haneef wo ilẹ̀. Ó ti rí Ìbàdàn tó ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi.

Ìyá Mọ́ṣádé dúró kí ariwo rọlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. N kò rántí pé mo rí i nínú èyí tí mo kà, ó lè jẹ́ ìgbàgbé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ìwé náà wá, kí ẹ ṣí i, kí ẹ ka ibẹ̀ fún gbogbo wa."

"Kíákíá, mà. Ìyá Haneef! Ẹ lọ mú un wá."

Ìyá Haneef dìde. "Sà, ìwé yẹn kò sí—"

"Ó wà! Pupa ni! Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ìlà kejì lórí pẹpẹ, lápá ọ̀tún. Ẹ lọ mú un wá, ẹ má dójú tì wá níwájú àlejò."

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Ìyá Haneef lọ. Ó padà dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà, ó sì gbé e fún ọ̀gá. Nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yá ìwé, Rídwàn ti wọ abẹ́ tábìlì lọ.

Ọ̀gá Albert gbà á. Ó wúwo díẹ̀ ju bó ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ máa ń wúwo. Ó gbé e sórí tábìlì, ó dún kó. Ó ti gíláàsì sókè imú, ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí yóò ti ṣí i. Kò rí ibẹ̀. Ó yí i, ó wá a ní apá kejì. Ó tún yí i padà.

"Kí ló dé?" ni Ìyá Mọ́ṣádé bèèrè.

"Ó... ó lẹ̀ mọ́ra, mà. Ọ̀rinrin."

"Ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀," ni ọkùnrin kan wí láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìbẹfun. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn.

Ọ̀gá Albert gbọ̀n ọ́n. Àlàájì Wàhábì na ọrùn. "Albert," ni ó wí jẹ́ẹ́, "igi ni o gbé lọ́wọ́ yẹn."

Ẹ̀rín kò tíì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn fẹ́ kí ó dá wọn lójú ná. Ìyá Mọ́ṣádé dìde, ó gba pákó náà, ó fi ìka kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ó sì dá a dojú dé. Ó rí ohun tí wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. Ó kà á dé òpin, nítorí bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó wá dá a padà fún Ọ̀gá Albert.

"Ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀," ni ó wí. "Ẹ kà á fún wa."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ ṣáà ní ẹ kà á."

Ọ̀gá Albert gbé pákó náà sókè. "Èyí kì í ṣe ìwé," ni ó kà. Ẹnì kan kígbe ẹ̀rín lẹ́yìn. "Ìwé gan-an wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń dì í. Olóye... olóye yóò mọ ìyàtọ̀. Ní àṣẹ..." Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, kò jáde mọ́.

"A ò gbọ́ ìparí rẹ̀!" ni Àlàájì Wàhábì pariwo. "Àṣẹ ta ni? Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kó tún un kà!"

"Ẹ tún un kà," ni Ìyá Mọ́ṣádé wí.

Ó sì tún un kà, láti ìbẹ̀rẹ̀, títí dé orúkọ ara rẹ̀, títí dé Òkun Ìmọ̀, tí wọ́n kọ gàdàgbà ju ìyókù lọ. Báyìí ni ohun tó wà nínú rẹ́jísítà ṣe di òótọ́. Ọ̀gá Albert kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pa á lẹ́kún.

Ẹ̀rín tó bú jáde nínú ilé-ìkàwé náà, mo gbọ́ pé àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró. Àwọn ará Ìbẹfun kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi aṣọ bo fọ́tò wọn, wọ́n dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e lọ sílé. Ìṣó ṣì wà lára ògiri títí di bí a ti ń wí yìí. Rídwàn máa ń fi fìlà rẹ̀ kọ́ síbẹ̀ láàárọ̀.

Ìyá Mọ́ṣádé pe orúkọ Ìyá Haneef fún Ìbàdàn kí ó tó lọ sílé. Obìnrin náà kò lè dúpẹ́ tán. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pe "Àlùhámúdù lílàhì," Àlàájì Wàhábì sì ń bá a ṣe àmín bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ ni.

Ọ̀gá Albert kò tíì rí àga tó ń yí. Ìlú ti fún un lóríkì tuntun, Akapákó, èyí kò sì ná an ní nǹkan kan. Wọ́n ní títí di òní, kí ó tó mú ìwé kankan lórí pẹpẹ, á kọ́kọ́ fi ìka kàn án.

Timothy dá ìwé mẹ́rin náà padà láti Ayépé ní oṣù kejìlá, ó ti dì wọ́n dáadáa. Ìyá Haneef ka ìyókù *Ìwé àti Àwọn Ọ̀tá Rẹ̀ Mẹ́rin* ní ọ̀sán mẹ́ta, kí ó tó di ẹrù Ìbàdàn. Ó ṣí rẹ́jísítà, ó kọ ìlà kan sí i, ó sì gbé e lọ fún ọ̀gá kó fọwọ́ sí i, nítorí òfin ni pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọ̀gá Albert mú bírò. Ó wá gbé gíláàsì rẹ̀ sójú, ó sì ka ìlà náà dé òpin kó tó fọwọ́ sí i.

"Mo ti parí rẹ̀. Orí mẹ́rin ni."